Bíìtì ráútà nínú ẹ̀rọ igi oníṣẹ́-púpọ̀: ṣé ká lò ó ni, àbí ká fi sílẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbà mí. Mo ní ẹ̀rọ igi oníṣẹ́-púpọ̀ kan, Shopsmith Mark V. Ó ń la pákó, ó ń lu ihò, ó ń ṣe iṣẹ́ léètì, ó sì ń fi sáńpépà ha igi. Eré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìyípo 700, ó parí sí 5,200 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnì kan wá fún mi ní àpótí bíìtì ráútà, ìyẹn àwọn irin olójú mímú tí ráútà, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí pẹ̀lú eré, fi ń gbẹ́ etí igi àti kòtò. Èèkù àwọn kan, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń dì wọ́n mú, jẹ́ 1/4 íǹṣì, ti àwọn kan jẹ́ 1/2 íǹṣì. Mi ò ní ráútà, mi ò sì ní àyè fún tábìlì ráútà.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níwájú mi: etí férémù ilẹ̀kùn tí mo fẹ́ fi bíìtì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ihò tí ahọ́n férémù máa wọ̀, àti páńẹ́lì àárín ilẹ̀kùn tí etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ yí ká. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ki bíìtì bọ inú ṣọ́ọ̀kì dírì, ohun tó ń di irin ìlu-ihò mú, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní tí mo bá dán an wò, ojú mi ló máa fọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

---

Èsì

Àbúrò, ọ̀gá rẹ sún mọ́ òótọ́ ju ọ̀rẹ́ rẹ lọ, àmọ́ ó lè jẹ́ pé ibi tí ewu wà gan-an kọ́ ló ń wò.

Tí irú ìbéèrè yìí bá ti jáde, ohùn mẹ́ta la máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní ẹ̀rọ yìí ò yára tó, pé bíìtì ráútà ń fẹ́ ìyípo 20,000 sókè, kéèyàn yáa gbàgbé ẹ̀. Àwọn kejì á ní àwọn ti ń ṣe é tipẹ́, nǹkan kan ò ṣe àwọn. Àwọn kẹta á ní ó dìgbà téèyàn bá ra ohun èlò tó ń fi kún eré ẹ̀rọ kó tó fọwọ́ kan bíìtì kankan. Òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn náà kì í fi í tán.

Èrò tèmi rèé: irú ẹ̀rọ yìí gba bíìtì tó fẹ̀ ju bó ṣe gba bíìtì tínínrín lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe òdìkejì. Wọ́n á ṣa èyí tó kéré jù nínú àpótí, wọ́n á ní òun ni ò léwu, wọ́n á ti igi sí i, igi á ya, wọ́n á wá máa bú ẹ̀rọ.

Ní ti pé bíìtì á fọ́ torí pé eré rẹ̀ kéré, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Iye ìyípo tí wọ́n kọ sára bíìtì, òkè tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni. Eré tó kéré máa ń ba ojú iṣẹ́ jẹ́, ó sì lè mú kí igi ta padà tí ọwọ́ bá yá jù, àmọ́ òun nìkan kì í fọ́ bíìtì. Nínú ẹ̀rọ bíi tìrẹ, ohun mẹ́ta ni kí o bẹ̀rù: ohun tó di bíìtì mú, apá ibi tí o ti ń ti igi wá, àti bí ohun tí bíìtì ń bù jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó. Màá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe dandan kí wọ́n tò tẹ̀ léra.

---

Èsì

Ẹnì kan bi mí pé: *“Báwo lẹ ṣe máa ní bíìtì tó fẹ̀ ló dáa jù? Ṣebí bíìtì ńlá ni gbogbo ayé ń sá fún?”*

Nínú ráútà ni wọ́n ti ń sá fún un, wọ́n sì jàre. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ohun tó ń gé igi ni etí bíìtì, kì í ṣe àárín rẹ̀. Bí bíìtì bá ṣe fẹ̀ tó ni etí rẹ̀ á ṣe sáré tó lórí ìyípo kan náà.

Ẹ mú bíìtì tí ibi ìgé rẹ̀ (kì í ṣe èèkù rẹ̀) fẹ̀ ní 1/4 íǹṣì, ìyẹn mílímítà 6.35. Nínú ráútà tó ń yí ní 24,000, etí rẹ̀ ń sáré tó mítà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé òun kan náà sínú ẹ̀rọ tó parí sí 5,200: mítà 1.7 péré. Kò gé igi mọ́ nìyẹn, ó ń họ ọ́ ni.

Ẹ wá mú bíìtì páńẹ́lì tó fẹ̀ tó íǹṣì 3. Tí ráútà bá ń yí i ní 10,000, etí rẹ̀ ń sáré mítà 40. Ní 5,200, mítà 21 ni. Bíìtì 1/2 íǹṣì tí gbogbo wa ń lò nínú ráútà ní ìyípo 20,000, tí ẹnikẹ́ni ò ráhùn nípa ojú iṣẹ́ rẹ̀, mítà 13 ni tiẹ̀. Ẹ ò rí i pé bíìtì páńẹ́lì nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní onílọ̀ọ́ra ṣì yára jù ú lọ.

Ibẹ̀ kọ́ ni ìṣirò parí sí o, apá kejì ló sì ń kó àwọn tó gbọ́ apá àkọ́kọ́ nìkan sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Bíìtì tó ní ojú méjì, tó ń yí ní 20,000, tí ẹ ń ti igi sí ní mítà 3 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kọ̀ọ̀kan ń bù tó mílímítà 0.075. Ẹ dín ìyípo kù sí 5,200 láì dín ọwọ́ kù, ojú kọ̀ọ̀kan á bù tó 0.29, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó ń fa igi ya nìyẹn, òun náà ló ń já igi gbà lọ́wọ́ èèyàn. Tí ẹ bá fẹ́ kí ó padà sí 0.075, ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ falẹ̀ débi pé sẹ̀ǹtímítà 78 ló máa kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Igi férémù tó gùn ní mítà 2 á gbà ju ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ. Ẹni tí ò bá ní sùúrù yẹn, kó má dán an wò rárá.

Nítorí náà, àwọn tó sọ pé ẹ̀rọ yìí ò yára tó, òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa bíìtì tínínrín. Wọ́n kàn fi ẹnu kan náà kó bíìtì ńlá mọ́ ọn.

---

Èsì

*“Àwọn Shopsmith tuntun ńkọ́?”*

Èyí tí wọ́n gbé mọ́tò PowerPro sí máa ń lọ láti 250 dé 10,000. Ní 10,000, bíìtì 1/2 íǹṣì á tó mítà 6.6, ìyẹn ṣeé fi ṣiṣẹ́ tí ọwọ́ bá rọ̀. Ohun èlò afikún-eré tí wọ́n ń dè mọ́ Mark V àtijọ́ náà wà. Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni tìtorí bíìtì ráútà lọ ra èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ráútà lásán rọrùn jù wọ́n lọ, ó sì yára jù wọ́n lọ.

---

Èsì

Ó di orí ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀gbọ́n kan kọ̀wé pé: *“Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́ ni mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì dírì lo bíìtì ráútà, ìka mi pé. Ẹ̀rù lẹ fi ń ba àwọn ọmọdé.”*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n pé ìka yín pé kò sọ pé ohun tí ẹ ń ṣe dáa. Ẹ wo inú ṣọ́ọ̀kì dírì dáadáa. Eyín mẹ́ta ló ní, ibi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta péré ló sì ti fọwọ́ kan èèkù bíìtì. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni kó máa ti dírì lọ síwájú tààrà, kí igi máa ti irin padà sínú ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀gbẹ́ ni bíìtì ráútà ti ń gba ìyà tirẹ̀. Igi ń ti èèkù rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lójú ìyípo kọ̀ọ̀kan, èèkù náà sì le, ó ń dán, eyín ṣọ́ọ̀kì ò lè jẹ wọ inú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ jáde. Ẹni tó ń gé kòtò á kàn rí i pé kòtò náà ń jìn sí i láìjẹ́ pé òun fọwọ́ kan nǹkan kan.

Nínú ẹ̀rọ ìlu-ihò onídùúró, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tó rí ṣóńṣó tó wọ inú ihò tó rí ṣóńṣó ló di ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì wọn mú, kò sí súkúrù níbẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì láti ẹ̀gbẹ́ lè tú u, kí ṣọ́ọ̀kì odindi já bọ́ tòun ti bíìtì nígbà tó ṣì ń yí. Ti Shopsmith ní súkúrù tó dè é mọ́ ọ̀pá, kò ní já bọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ eyín mẹ́ta yẹn ò yí padà.

Ohun tó yẹ kéèyàn lò ni ohun ìdìmú tí wọ́n ṣe fún bíìtì ráútà, tí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 5/8 íǹṣì kó lè wọ ọ̀pá ẹ̀rọ náà. Irú méjì ló wà. Ọ̀kan ń fi súkúrù kékeré tẹ èèkù láti ẹ̀gbẹ́ kan. Èkejì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀tì gidi tó ń fún èèkù mọ́ra yí ká. Onísúkúrù máa ń ti bíìtì kúrò láàárín díẹ̀, tí eré bá sì pọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ létí yín. Ní 5,200, ó ṣeé fara dà. Kọ́lẹ́ẹ̀tì ni màá mú tí méjèèjì bá wà níwájú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bíìtì tí èèkù rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6 sínú kọ́lẹ́ẹ̀tì 1/4 íǹṣì. 1/4 íǹṣì jẹ́ 6.35. Ẹ ó rò pé ẹ ti fún un pa, èèkù á ṣì máa yọ̀. Bákan náà ni 12 àti 1/2 íǹṣì, tó jẹ́ 12.7. Ẹ ti èèkù wọlé dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fà á padà bíi mílímítà 2 tàbí 3, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fún un. Tó bá kan ìsàlẹ̀ gbágbá, kọ́lẹ́ẹ̀tì ò ní lè fún un mọ́ra dáadáa.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ fọwọ́ yí ọ̀pá náà, kí ẹ gbé igi kékeré sún mọ́ etí bíìtì. Tí ojú kan bá ń kan igi náà tí èkejì ò kàn án, bíìtì ò dúró láàárín nìyẹn. Ẹ tún mi orí ọ̀pá náà síwá sẹ́yìn. Tó bá ń mì, bẹ́árìn ti ń lọ. Bíìtì ráútà ò ṣeé fi síbẹ̀ àyàfi tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀.

---

Èsì

*“Mo ṣe gbogbo èyí tí ẹ wí, síbẹ̀ igi fò kúrò lọ́wọ́ mi, ó lọ lu ògiri.”*

Ọwọ́ ọ̀tún ni o ti tì í wá, àbí?

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ẹni tó bá ti lo tábìlì ráútà rí ló máa ń gbé àṣà yẹn wá sórí ẹ̀rọ yìí. Lórí tábìlì ráútà, ìsàlẹ̀ ni bíìtì ti ń yọ sókè. Tí o bá wò ó látòkè, òsì ló ń yí sí, òdìkejì bí aago ṣe ń lọ. Apá bíìtì tó kọjú sí ọ ń lọ sọ́tùn-ún, nítorí náà láti ọ̀tún sí òsì ni a máa ń ti igi, kí bíìtì lè máa ti igi padà sí wa.

Nínú ẹ̀rọ oníṣẹ́-púpọ̀ tí a gbé dìde bíi dírì, òkè ni bíìtì ti ń wá. Bí aago ṣe ń yí ló ń yí tí o bá wò ó látòkè. Apá tó kọjú sí ọ ń lọ sósì. Fẹ́ńsì, ìyẹn pákó tàbí irin gbọọrọ tí a máa ń fi igi tì, sì wà lẹ́yìn bíìtì bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti òsì sí ọ̀tún lo gbọ́dọ̀ ti igi. Tí o bá tì í láti ọ̀tún, ńṣe ni bíìtì máa gbà á lọ́wọ́ rẹ, tí ojú rẹ̀ á sì máa bù tó bó ṣe wù ú. Pẹ̀lú eré tó kéré, ó máa bù púpọ̀.

Má gbà mí gbọ́ lásán. Yọ wáyà iná, fi ọwọ́ yí bíìtì sí ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí, kí o wo ibi tí ojú náà á ti pàdé igi. Ojú bíìtì gbọ́dọ̀ máa bọ̀ wá pàdé igi ni, kò gbọ́dọ̀ máa sá tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo máa ń kọ́ àwọn tó bá kọ́kọ́ dé orí ẹ̀rọ mi, kì í ṣe “ọ̀tún” tàbí “òsì”.

Má sì jẹ́ kí igi kọjá láàárín bíìtì àti fẹ́ńsì láé. Inú fẹ́ńsì ni bíìtì gbọ́dọ̀ fi ara pamọ́ sí, kí ìwọ̀n tó fẹ́ gé nìkan yọ síta. Tí igi bá há sáàárín àwọn méjèèjì, ó di ọfà.

Tó bá jẹ́ bíìtì tó ní bẹ́árìn lórí, tí o fẹ́ fi tẹ̀ lé etí tó tẹ̀, fẹ́ńsì ò ní wúlò. Irin kékeré kan ló yẹ kó dúró lórí tábìlì tí wàá kọ́kọ́ fi igi tì, kí o tó yí i wọ bíìtì jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá kàn gbé igi lu bíìtì láì ní irin yẹn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣeré. Igi tó bá kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mi ò ní fi ọwọ́ dì í mú níwájú bíìtì kankan. Ẹ gé profáìlì, ìyẹn ìrísí ọ̀ṣọ́ tí ẹ fẹ́, sí etí igi ńlá, kí ẹ tó wá la èyí tí ẹ nílò kúrò.

---

Èsì

Ọ̀rọ̀ ihò ahọ́n. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀rọ oníṣẹ́-púpọ̀ ti ń ṣe ohun tí ráútà àfọwọ́dìmú ò lè fi ìrọ̀rùn ṣe. O dá orí ẹ̀rọ dùbúlẹ̀, bíìtì kọjú sí ẹ̀gbẹ́, igi sùn lórí tábìlì, ọwọ́ ẹ̀rọ ń ti bíìtì wọlé. O lè rí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ bíìtì ihò tínínrín ni, mo sì ti sọ pé ẹ̀rọ yìí ò fẹ́ tínínrín. Báwo la ṣe máa ṣe é? Fi dírì gbẹ́ ihò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ná, gbogbo ìjìn ihò náà. Dírì fẹ́ràn eré kékeré, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wàá fi bíìtì olójú títọ́ sí i láti gé ohun tó kù láàárín àwọn ihò, kí ògiri ihò lè tẹ́jú. Má jẹ́ kó kọjá mílímítà 3 lẹ́ẹ̀kan. Wo orí bíìtì náà tẹ́lẹ̀: àwọn kan ò ní ojú níwájú, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni wọ́n ti ń gé. Irú wọn kì í lè wọ igi tààrà, wọ́n á jó o ni.

Ẹnì kan dábàá kí a lo bíìtì tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń gbẹ́ irin, èyí tó lọ́ bí okùn, tí wọ́n fi irin HSS (irin líle tí wọ́n ń pè ní high-speed steel) ṣe. Mo fara mọ́ ọn. Eré tí irú bíìtì bẹ́ẹ̀ mọ̀ kéré láti ilẹ̀, ó ń gé látiwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń fa èérún igi jáde kúrò nínú ihò. Olójú méjì ni kí ẹ mú. Olójú mẹ́rin máa ń dí pẹ̀lú èérún.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ alápapọ̀ ti Yúróòpù, ẹ lè ní ìṣòro mìíràn. Nínú àwọn kan lára wọn, orí ọ̀pá ọ̀bẹ plénà, apá tó ń fá igi kó tẹ́jú, ni ṣọ́ọ̀kì ìgbẹ́hò wà, òsì ló sì ń yí sí. Bíìtì ráútà tí ẹ rà ní ọjà, ọ̀tún ni ojú rẹ̀ kọ sí. Tí ẹ bá fi síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò máa fi ra igi, èéfín á rú, bíìtì á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, ihò ò sì ní jáde. Bíìtì olósì wà tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá yẹn wò kí ẹ tó náwó.

---

Èsì

*“Ẹ ní bíìtì páńẹ́lì dáa nínú ẹ̀rọ yìí. Ilé iṣẹ́ kan kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ mi pé mi ò gbọ́dọ̀ lò ó.”*

Tí ìwé ẹ̀rọ rẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀rọ rẹ ni kí o gbọ́. Àwọn kan ò ní agbára tó, àwọn kan ò ní ọ̀pá tó nípọn tó. Eré nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́.

Èyí tí mo sọ, bíìtì tí èèkù rẹ̀ jẹ́ 1/2 íǹṣì ni mo ní lọ́kàn. Bíìtì páńẹ́lì tí èèkù rẹ̀ jẹ́ 1/4 íǹṣì, kò sí ẹ̀rọ tó yẹ kí ó wọ̀, ì báà yára, ì báà falẹ̀.

Kódà, tí èèyàn bá máa ṣe ilẹ̀kùn púpọ̀, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó lo bíìtì ráútà fún páńẹ́lì. Ọ̀bẹ ṣépà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ọ̀ṣọ́ sí etí igi, ni kó rà: èyí tó ní ihò láàárín, tó ń wọ ọ̀pá, tí ó sì máa ń ní ojú mẹ́ta. Eré tí wọ́n ṣe é fún ló bá irú ẹ̀rọ yìí mu, kò sí èèkù tínínrín tó ń tẹ̀, ojú kẹta sì dín ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan ń bù kù. Ṣépà gidi tó dá dúró náà máa ń wà láàárín 3,000 sí 10,000. Èyí ni àwọn tó ń ní “ẹ̀rọ tó falẹ̀ ò lè gbẹ́ profáìlì” máa ń gbàgbé. Iṣẹ́ ọ̀nà lára igi ti wà kí ráútà tó dé gbogbo ilé iṣẹ́. Shopsmith àkọ́kọ́, 10E tí Hans Goldschmidt gbé jáde ní 1947, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyípo 20,000.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ MAN sí i lára. Ìlànà EN 847-1 ti Yúróòpù ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára ohun èlò tí a lè fi ọwọ́ ti igi sí. Irú bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ yọ ju mílímítà 1.1 lọ síta ara rẹ̀. Ìyẹn ló ń dènà kí ọ̀bẹ bù jù nígbà tí ọwọ́ bá yára. Lórí ẹ̀rọ tí eré rẹ̀ kéré, mo ka àmì yẹn sí ju orúkọ ilé iṣẹ́ lọ.

---

Èsì

Àríyànjiyàn lórí kábáìdì (ohun líle gan-an tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú bíìtì) àti HSS tún ti bẹ̀rẹ̀. Kúkurú ni màá ṣe é. Kábáìdì máa ń pẹ́ kó tó kú, ó sì ṣe dáadáa lórí páíwúùdù àti pákó tí wọ́n fi gúlù pọ̀, torí gúlù inú wọn ń jẹ irin. HSS ṣeé pọ́n kó mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí igi tútù tó rọ̀, ní ìyípo tó kéré, HSS tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òkúta máa ń fi ojú iṣẹ́ tó mọ́ sílẹ̀ ju kábáìdì tó ti lò pẹ́. Ohun tó ń dà mí láàmú ni àwọn tó ń ní “ẹ̀rọ ò yára tó” nígbà tó jẹ́ pé bíìtì wọn ti kú, gọ́ọ̀mù igi sì ti bo ojú rẹ̀. Ẹ fọ bíìtì yín kí ẹ tó ra mọ́tò.

Ohun kan tún wà tí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà: ẹ̀rọ tó falẹ̀ kì í sábà jó igi. Àwọn igi bíi ṣẹ́rì àti mépù, tí ráútà máa ń sọ di dúdú tí ọwọ́ bá dúró díẹ̀, ń jáde láì ní àmì iná. Ariwo rẹ̀ náà kéré. Ẹ ṣì fi ohun ìbòjú àti ohun ìdítí o.

---

Èsì

*“Kí ló dé tí a ò kàn gbé ráútà gidi dè mọ́ ẹ̀rọ náà?”*

Ó ṣeé ṣe, mo sì ti ṣe é. Èèyàn á lo tábìlì ẹ̀rọ àti fẹ́ńsì rẹ̀, tí ó ti tọ́ tẹ́lẹ̀, ráútà á sì mú eré tirẹ̀ wá. Fún bíìtì tínínrín, òun ni ìdáhùn tó dáa jù. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ tábìlì ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í dúró gbọin tó bí ẹ ṣe rò. Tí ọ̀pá méjì tó gbé tábìlì bá ní àyè díẹ̀, ìwúwo ráútà á mú kó tẹ̀, kòtò yín á wá jìn ní apá kan ju apá kejì lọ. Ẹ ti gbogbo ohun tó ń tì pa kí ẹ tó gé nǹkan kan. Ẹ sì rántí pé tí ráútà bá wà lábẹ́ tábìlì, apá ibi tí a ti ń ti igi tún ti padà sí ọ̀tún.

---

Èsì

Àbúrò tó bi ìbéèrè ti padà wá: *“Mo ti ra kọ́lẹ́ẹ̀tì. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe nínú iṣẹ́ mẹ́ta náà?”*

Ihò ni kí o kọ́kọ́ gbẹ́, nígbà tí igi ṣì ní igun mẹ́rin, tí ó sì tẹ́jú fún fẹ́ńsì. Dírì ṣáájú, bíìtì tẹ̀ lé e.

Etí férémù ló kàn. Èyí tó bá fẹ̀ ju íǹṣì kan lọ nínú àpótí rẹ ni kí o mú, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ 1/2 íǹṣì. Àwọn 1/4 yẹn, fi wọ́n pamọ́ de ọjọ́ tí o bá ní ráútà. Gé e lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ti ìkẹyìn jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lásán kó kàn fá ojú rẹ̀ mọ́. Wo iṣan igi pẹ̀lú. Níbi tí iṣan bá ti kọjú sí ojú bíìtì, á fẹ́ ya, dín ọwọ́ kù níbẹ̀.

Páńẹ́lì ló kẹ́yìn. Orí igi méjèèjì, níbi tí iṣan ti gé, ni kí o kọ́kọ́ gbẹ́, kí o tó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Tí orí igi bá ya létí, ẹ̀gbẹ́ tó gùn máa gé ibi tó ya kúrò. Fi pákó tí a la etí rẹ̀ bí eyín òòyà tẹ páńẹ́lì mọ́ tábìlì, kí ó má baà gbéra sókè lọ pàdé bíìtì. Ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí o gé e. Má fi gbogbo ìjìn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kan.

Ní ti eré: tan ẹ̀rọ nígbà tí eré rẹ̀ ṣì kéré, kí o tó gbé e dé 5,200 fún bíìtì gbogbo. Ìgbà tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni kí o máa yí bọ́tìnì eré Mark V. Tí o bá fi ipá yí i nígbà tó dúró, ibi tó ń ṣàkóso eré gan-an lo máa bàjẹ́.